Àwọn Tó Wa Ọkọ̀ Iyọ̀

Èéfín ẹja àti atẹ́gùn ọ̀sà ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ènìyàn lágbàlá ilé ọkọ mi ní Apa. Ibẹ̀ ni Sẹ̀nà, ọmọ mi tó ń kọ́ni ní ìtàn, kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá, kí n ki oríkì ilé fún wọn, torí inú rẹ̀ la ti ń gbọ́ pé bàbá ńlá ọkọ mi fi ọkọ̀ ojú omi kó iyọ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, ó sì lówó. Ọ̀rẹ́ mi, o mọ̀ pé àwa ìyàwó ilé la máa ń mọ oríkì ju àwọn ọmọ ibẹ̀ lọ. Mo kì í títí ohùn mi fi há.

Sẹ̀nà ní kí wọ́n má tíì kọ nǹkan kan. Ó bi Mautin, èyí tó sanra jù nínú wọn, pé, “Bí ìyá rẹ bá ń kì ọ́, ṣé á dárúkọ ẹran tó o jí nínú ìkòkò?” Ẹ̀rín sọ. Ó wá ṣàlàyé pé oríkì kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ìyìn ni wọ́n fi ṣe é. Kí wọ́n máa béèrè ẹni tó ṣe é, ẹni tí wọ́n ṣe é fún, àti ẹni tí kò sí nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan, Bọ́lá, yíjú sí mi.

“Màmá, ta ló wa ọkọ̀ yẹn?”

Mo mọ̀ ọ́n. Ìyá ọkọ mi ti dárúkọ wọn fún mi nídìí ààrò: Àlàó, Ògúnbíyìí, àti ọ̀kan tí wọ́n ń pè ní Tápà. Ẹrú tí wọ́n fowó rà ni wọ́n. Mo wo ojú ọmọ mi, ó mi orí pé kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ pẹ̀lú pé ẹnu èmi nìkan ni wọ́n ti gbọ́ ọ, kí wọ́n tún lọ bi ẹlòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí ẹbí, ni wọ́n lọ bi. Bàbá ò pariwo. Ó pe Sẹ̀nà, ó ní àwọn ọmọ-ọmọ àwọn tí mo dárúkọ ṣì ń bá wa gbé, a ti jọ di ẹbí, ta ló rán an pé kó yà wá? Sẹ̀nà dọ̀bálẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ pé irọ́ ni.

Bàbá ní, “Ẹni tó tú àṣírí ilé yìí síta, a ò ní sin ín síbẹ̀.”

A rò pé inú rẹ̀ máa rọ̀. Lọ́dún tó kọjá, àìsàn mú ọmọ mi lọ. Mo kúnlẹ̀ fún Bàbá pé kí wọ́n sin ín sílé, kò gbà. Ẹ̀gbẹ́ sàréè bàbá tó bí i ló yẹ kó sùn. Ajara, ìlú mìíràn, ni wọ́n sin ín sí, ní itẹ́ òkú ìjọ, láàárín àwọn tí n kò mọ orúkọ wọn.

Mo máa ń gun ọ̀kadà lọ jókòó tì í. Nígbà mìíràn mo máa ń wí fún un pé ká ní ó ṣẹ́jú sí mi lọ́jọ́ náà pé kí n má sọ ọ́ ni, ǹ bá ti pa ẹnu mọ́. Àmọ́ mo mọ irú ẹni tí mo bí. Ohun tó béèrè lọ́wọ́ mi ni mo fún un, ohun náà ló sì lé e kúrò nílé. Mi ò tíì rí ibi tí mo lè gbé méjèèjì sí.