Àmín Tó Kó Mi Sí Wàhálà

Mo ti fẹnu ara mi ṣe àmín sí wàhálà!

Mo ní kí Ọlọ́run fún mi níṣẹ́ tó máa mú mi dàgbà nínú ẹ̀mí. Láàárọ̀ yìí, Pásítọ̀ wa ní Ungwan Romi, lókè Ọya níbí, ní kí n máa kọ́ àwọn ọmọdé ní Bíbélì.

Mo sọ Yorùbá, wọ́n gbọ́; Hausa ni wọ́n fi dáhùn. Èmi tí mi ò mọ̀ ju “sannu” tí wọ́n fi ń kíni lọ!

Dèbórà, ọmọ ọdún mẹ́fà, fi Hausa gbàdúrà ìparí. Àmín tèmi ló dún jù.

Mo bi ìyàwó Pásítọ̀: “Kí ló wí?”

“Ó ní kí Ọlọ́run kọ́ Àǹtí tuntun yìí ní Hausa kó tó di Sọ́ńdè tó ń bọ̀.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kọ̀wé sí mi kíá: ṣé wọ́n máa ń gba àmín padà?