Rọ́bà Tó Wà Lẹ́nu Ríwáyà

Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe iṣẹ́ ríwáyà ní Kétu. Iná mọ́tò ló ń tún ṣe. Ó ti lé lógójì ọdún, kò tíì níyàwó, èmi tí mo jẹ́ tíṣà kò sì jẹ́ kó gbàgbé. Nígbà tó wá rí ẹni tó wù ú, ọmọ Àlàájà tó ń ta tàtàṣé ní Máìlì 12 ni. Ọmọ ti gbà. Ó ku ìyá.

Àlàájà ní mọ́tò kan tí họ́ọ̀nù rẹ̀ máa ń ké fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti yí sítíárìn sọ́tùn-ún. Ní gbogbo Ìkòsì, ẹni tó bá wà lápá ọ̀tún á rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ẹlòmíì á juwọ́, ẹlòmíì á ṣépè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Àlàájà wa mọ́tò náà wá sí ṣọ́ọ̀bù.

"Mo gbọ́ pé o ń wá ìyàwó nílé mi. Kọ́kọ́ pa họ́ọ̀nù yìí lẹ́nu mọ́ fún mi ná. Bó bá tún fi ké, má wulẹ̀ wá."

Mo fa bẹ́ǹṣì, mo jókòó. Irú eré báyìí, èmi kì í dúró kí wọ́n tó pè mí.

Ọ̀rẹ́ mi yọ orí bátìrì, ó tú abẹ́ sítíárìn. Wáyà kan ló ti bó, tó ń fara kan irin. Ó gé ibi tó bàjẹ́ kúrò, ó lọ́ orí wáyà méjèèjì pọ̀, ó fi irin gbígbóná yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí i. Oríkèé náà ń dán bí ìlẹ̀kẹ̀. Bó bá ń ṣiṣẹ́, rọ́bà kékeré oníhò tó fẹ́ fi bo oríkèé wáyà máa ń wà láàárín ètè rẹ̀ bíi pákò. Kó tó so wáyà pọ̀ ló yẹ kó ti ki rọ́bà náà bọ ọ̀kan nínú wọn lọ́rùn; bó bá ti so wọ́n tán, kò síbi tó máa gbà wọlé mọ́.

"Mummy, ó ti parí."

Ibi tó ti la ẹnu ni rọ́bà ti já bọ́ sí i láyà.

Mo ní, "Ọkọ ìyàwó, eyín rẹ ti ń yọ o!"

Àlàájà wo rọ́bà, wọ́n wo aago. "Ṣé kò sí téèpù dúdú ni? Wé e, jẹ́ n máa lọ. Tàtàṣé mi wà nínú oòrùn."

Ó fọwọ́ kan téèpù lóòótọ́, mo rí i. Ó tún fi í sílẹ̀.

"Ẹ má bínú, Mummy. Ooru á yọ́ gọ́ọ̀mù ẹ̀, á tú, họ́ọ̀nù á tún máa ké."

Ló bá gé oríkèé dídán yẹn sọnù bí ẹni ń gé èékánná. Ó ki rọ́bà bọ wáyà lọ́rùn, ó tún un so, ó tún yọ́ lẹ́ẹ̀dì sí i, ó wá fa rọ́bà bò ó. Ó ṣáná sí i lábẹ́, rọ́bà sún kì, ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ní gbogbo ìgbà yẹn ojú Àlàájà kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà, ẹ gbà mí gbọ́, mo sún bẹ́ǹṣì mọ́ wọn.

Ó dá orí bátìrì padà. Àlàájà wọ mọ́tò, wọ́n yí sítíárìn sọ́tùn-ún. Kò ké. Wọ́n yí i títí kò fi yí mọ́. Kò ké. Ni wọ́n bá fọwọ́ ara wọn tẹ họ́ọ̀nù, pẹ́ẹ̀ẹ̀ẹ̀! Gbogbo wa fò sókè.

"Máa bọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè," ni wọ́n wí láti ojú fèrèsé. "Bí tíṣà aláwàdà yìí bá máa tẹ̀ lé ọ, fún un ní rọ́bà kan kó fi sẹ́nu."

Wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n lọ. Họ́ọ̀nù ò kí ẹnì kankan.