Ọjọ́ Tí Wọ́n Kó Yunifásítì Kúrò Nílùú

Ọjọ́ tí ìjọba ń kó ẹ̀ka yunifásítì kúrò ní ìlú kékeré tí ìyàwó mi ti ń kọ́ni ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé. Oko kòkó ni àwọn ará ìlú náà gé kí wọ́n tó rí ilẹ̀ fún un.

Láti ilé wa ní Bàrígà, l'Ékòó, la ti gbéra láàárọ̀, kí ìyàwó mi lè kó ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tó kù síbẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ ní kó má lọ. Ó rẹ́rìn-ín.

“Bàbá Tóbi, ẹ̀rù yín ti pọ̀ jù! Tísà ọmọ wọn ni mí.”

Bí ó ti gbé páálí ìwé jáde, ẹnìkan nínú àwọn ará ìlú tó péjọ sẹ́nu ọ̀nà ọgbà pariwo pé, “Ó ń kó yunifásítì wa lọ!” Òkò bà á lórí. Ó ṣubú, wọn kò dáwọ́ dúró. Mo fara bò ó. Wọ́n fi igi lù mí kúrò. Kò dìde mọ́.

Nírọ̀lẹ́, àwọn àgbà ìlú dọ̀bálẹ̀. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí a sin ín sínú ọgbà náà, torí ìjọba kò ní kó yunifásítì kúrò níbi tí sàréè tísà bá wà.

Mo ní, “Bàrígà ni mò ń gbé e lọ.”

Wọ́n kó ẹ̀ka náà lọ. Koríko ti bo ọgbà náà báyìí, ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò sí lábẹ́ rẹ̀.