Rédíò ò bàjẹ́, èmi ni mi ò pè

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi fìdí kalẹ̀ díẹ̀. Ojú ń tì mí láti sọ èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, tí mo bá ṣì í kọ, ẹ forí jì mí.

Awakọ̀ ojú omi ni mí, ó ti lé lógójì ọdún. Ọkọ̀ mi Orí Mi Pé ni mo fi ń kó àwọn wẹ́dà, àwọn tó ń jó irin, láti jẹ́tì wa ní Àpápá lọ sí Snake Island, níbi tí wọ́n ti ń tún ọkọ̀ ńlá ṣe. Ibẹ̀ ò jìnnà, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ọkọ̀ ńlá ń gbà wọ pọ́ọ̀tù ló là á láàárín. Kí o tó wọ ọ̀nà yẹn, o gbọ́dọ̀ pe àwọn tó ń ṣọ́ omi lórí rédíò. Wàá dárúkọ ọkọ̀ rẹ, wọ́n á dá ọ lóhùn, wọ́n á ní kọjá tàbí dúró. Bí wọn ò bá tíì dá ọ lóhùn, ibi tó o wà ni kó o wà. Kò le rárá, àbí ó le?

Ọmọ mi Kọ́lá ló máa ń pè wọ́n. Òun ló gbọ́ òyìnbó, ohùn rẹ̀ sì dùn létí. Mìsíìsì Bísí tó máa ń wà lórí rédíò láàárọ̀ á kọ́kọ́ kí i: "Kọ́lá mi, mo gbọ́ ẹ o! Bàbá ńkọ́?" Wọn ò fojú kan ara wọn rí.

Kọ́lá kú. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ṣàìsàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n! Òkú ọ̀fọ̀ ni, a kì í kéde irú ẹ̀. Jímọ̀ àbúrò mi ló lọ sin ín, torí bàbá kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Títí dòní mi ò mọ ibi tó sùn sí.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, mo padà síbi iṣẹ́. Kùrukùru bo omi láàárọ̀ ọjọ́ náà. Wẹ́dà méjìlá ló wà lẹ́yìn mi, mo mọ gbogbo wọn lórúkọ: Ràsákì, Ẹfẹ́, Gódwin, Sunday Pupa, Sunday Dúdú, àtàwọn yòókù. A dé etí ọ̀nà ọkọ̀ ńlá. Mo gbé ẹnu rédíò sókè, mo gbé e súnmọ́ ẹnu mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu mi ò là! Mo mọ̀ pé bí mo bá ti dárúkọ ọkọ̀ yẹn, obìnrin yẹn á ní "Kọ́lá mi." Kí ni mo fẹ́ fèsì? Mo pa rédíò. Mo sọ lọ́kàn mi pé ṣebí mo ti wa ọkọ̀ lórí omi yìí kí wọ́n tó gbé rédíò dé, ojú mi á ríran.

Gódwin ní, "Baba, you never call them o." Mo ní wọ́n ti gbọ́ wa.

A ò tíì dé àárín tí ohun dúdú kan fi yọ nínú kùrukùru, ó ga bí ilé alájà mẹ́rin. Ó fun fèrè! Mo gbọ́ ọ títí dé inú egungun mi. Mo yí ọkọ̀ tagbára-tagbára, imú ọkọ̀ ńlá náà fò wá dá, ṣùgbọ́n ìgbì rẹ̀ gbé wa sókè, ó sì gbé Sunday Dúdú sọ sómi. Ọlọ́run ló yọ ọ́, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì tó wà lọ́rùn rẹ̀. Ràsákì àti Ẹfẹ́ fà á wọlé. Omi kún inú rẹ̀, èjìká rẹ̀ kan yẹ̀.

Ní jẹ́tì, alága ẹgbẹ́ awakọ̀ wa, Alhaji Músílíù, bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ìtìjú mi gan-an ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Mo ní rédíò ló kú. Mo ní Sámúẹ́lì tún un ṣe, kò sì tún un ṣe dáadáa.

Ta ni Sámúẹ́lì? Òun ló ń tún rédíò gbogbo ọkọ̀ wa ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Malu Road. Àdúgbò kan náà là ń gbé ní Ajégúnlẹ̀. Ọjọ́ tí àìsàn Kọ́lá le, tí omi òjò kún àdúgbò tí mọ́tò ò lè wọlé, Sámúẹ́lì ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn dé ilé ìwòsàn. Òun ni mo parọ́ mọ́!

Alága pàṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ tẹ jẹ́tì mọ́, kí ẹnikẹ́ni má gbé iṣẹ́ fún un.

Ọjọ́ kẹta ló wá sílé mi. Mo rò pé ó wá bá mi jà ni. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja! Ó ní, "Bàbá Kọ́lá, ẹ forí jì mí. Mo ti ń rò ó, ó lè jẹ́ pé mi ò de wáyà ẹ̀yìn yẹn dáadáa. Sunday ì bá kú sí mi lọ́rùn." Ó bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kóun wá wo rédíò náà. Mo ní kò sóhun tó fẹ́ wò mọ́.

Ṣé ẹ mọ ohun tí mo tún ṣe? Mo ní kó dìde, mo ti dárí jì í. Ẹ gbọ́ ọ? Èmi tí mo ṣẹ̀ ni mo dárí ji ẹni tí mo ṣẹ̀!

Ọ̀sẹ̀ kejì, Ràsákì wá sọ fún mi pé Sámúẹ́lì ti ń wá ẹni tó máa ra àwọn irinṣẹ́ rẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ fi ọwọ́ òun pa èèyàn, òun á lọ máa wa kẹ̀kẹ́ Márúwá.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ní kí wọ́n pe alága, kí wọ́n pe Sámúẹ́lì àtàwọn wẹ́dà wá sídìí ọkọ̀ mi. Mi ò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo kàn tan rédíò. Iná rẹ̀ tàn, ohùn àwọn awakọ̀ ń jáde geere. Gbogbo wọn wò mí. Mo gbé e sẹ́nu, mo pe àwọn tó ń ṣọ́ omi, mo dárúkọ ọkọ̀ mi.

Bó ṣe gbọ́ orúkọ ọkọ̀ náà, Mìsíìsì Bísí pariwo ayọ̀: "Kọ́lá! Ibo lo sá lọ láti ọjọ́ yìí?"

Mo ní, "Bàbá rẹ̀ ni, ìyá mi. Kọ́lá ti kú."

Ó bú sẹ́kún, ó ní òun ò mọ̀, wọn ò sọ fún òun. Ta ni ì bá sọ fún un, tí kì í ṣe èmi?

Mo yíjú sí Sámúẹ́lì, mo kúnlẹ̀ níwájú ẹni tí mo lè bí lọ́mọ. Mo ní rédíò tó o tún ṣe ò bàjẹ́, èmi ni mo pa á, èmi ni mo purọ́. Alága ní kí n má wakọ̀ fún oṣù mẹ́fà. Mo gbà. Sunday Dúdú tó so apá kọ́rùn ní, "Baba, if you tell us say you no fit talk, me I for call am." Ó dùn mí ju ìyà lọ. Ẹnu méjìlá wà lẹ́yìn mi, mi ò bẹ ọ̀kan.

Sámúẹ́lì kọjá lára mi, ó lọ. Wọ́n ti ní kó padà sí jẹ́tì, ó sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Tá a bá pàdé, ó ń kí mi, ṣùgbọ́n kì í dúró. Mi ò dá a lẹ́bi.

Ẹ̀kọ́ tèmi ni pé bí ọ̀fọ̀ bá gba ohùn lẹ́nu rẹ, sọ fún ẹni tó wà nítòsí. Má dákẹ́ kó o sì kó ọmọ ẹlòmíràn wọ inú ewu. Bó o bá sì ti ṣe é, gbé ẹ̀bi rẹ fúnra rẹ.

Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti ru ẹ̀bi yín rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á, kò sẹ́ni tí mo lè bú.

Ẹni tí rédíò rẹ̀ bá sì bàjẹ́, kó gbé e lọ fún Sámúẹ́lì ní Malu Road. Iṣẹ́ rẹ̀ dára.