Bí Àdùkẹ́ Ṣe Kọ́ Mi Ní Bàálù Wíwà Nígbà Tí Wọ́n Ti Bọ́dà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí. Lásìkò tí ìjọba ti bọ́dà pa, tí ìrẹsì ò lè kọjá, èmi nìkan ni mo wa bàálù láti Ayétòrò lọ sí Kútọnu. Mo jẹ búrẹ́dì gbígbóná níbẹ̀, mo sì padà délé kí ọbẹ̀ ìyàwó mi tó hó! Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gan-an ń juwọ́ sí mi láti ìsàlẹ̀.

Ẹ ń rẹ́rìn-ín? Ẹ rọra.

Iṣẹ́ dírẹ́bà ni mo fi tọ́mọ. Bọ́ọ̀sì mi ló ń kó èrò àti ẹrù láti Ìlaro, gba Ọjà-Ọ̀dàn, dé ẹnu bọ́dà. Nígbà tí wọ́n wá tì í, èrò tán, ẹrù tán. Mo gbé bọ́ọ̀sì sẹ́yìnkùlé, mo ń fọ̀ ọ́ láràárọ̀ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Ìyàwó mi kàn ń fi àánú wò mí ni. Ìwò yẹn dùn mí ju èébú lọ!

Ibẹ̀ ni Àdùkẹ́ bá mi. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi kan ní Joga-Orile ni. Ó ti wa bàálù ńlá kó tó fẹ̀yìn tì, ó wá ra kékeré elérò méjì, ó ń kọ́ èèyàn ní pápá kan lẹ́bàá Ayétòrò.

Ó ní, "Bàbá, ẹ ó fọ mọ́tò yìí títí ọ̀dà ara ẹ̀ á fi bó. Ẹ wá, kí n kọ́ yín ní tèmi."

Èmi tí mo kàwé dé píráámárì fọ́ọ̀? Ó ní ọwọ́ mi lòun ń wò, kì í ṣe ìwé mi.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a ṣì wà nílẹ̀ tí mo yí sítíárìn bí ẹni tó fẹ́ yà fún kòtò. Bàálù ò dá mi lóhùn, inú oko ẹ̀gẹ́ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ló ń lọ tààrà! Àṣé ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń darí ẹ̀ nílẹ̀! Àdùkẹ́ ò pariwo. Ó fi ẹsẹ̀ tiẹ̀ dá a padà, ó ní kí n gbàgbé bọ́ọ̀sì. Tíṣà gidi!

Ọjọ́ kan, a wà lókè, ọwọ́ mi ni sítíárìn wà. Mo wolẹ̀, mo rí títì Ọjà-Ọ̀dàn, mo rí igi tí wọ́n fi dínà, mo rí yúnifọ́ọ̀mù. Ẹ̀yin ará Yewa, ẹ mọ ohun tí ara dírẹ́bà bọ́dà máa ń ṣe! Kí n tó ronú, mo ti yà wìì sápá òsì, mo tẹ orí bàálù wálẹ̀, mo ń wá ọ̀nà igbó. Lójú òfuurufú!

"Bàbá! Kí lẹ ń sá fún?"

"Kọ́sítọ́ọ̀mù ni, ọmọ mi!"

Nígbà tá a balẹ̀, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní bí ọwọ́ mi bá tún sáré ju ọpọlọ mi lọ, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Ṣé ìdí bọ́ọ̀sì tí kì í lọ síbì kan ni mo tún ń padà sí?

Mo bẹ ìyàwó mi pé kó máa ṣe bíi kọ́sítọ́ọ̀mù fún mi, kí ọwọ́ mi lè kọ́ sùúrù. Láràárọ̀ ni mò ń jókòó sínú bọ́ọ̀sì, òun á dé fìlà mi, á fò jáde lẹ́yìn àgbá omi: "Páàkì ńbẹ̀! Kí lẹ kó?" Ìjọ́ àkọ́kọ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ já sítíárìn! Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Nígbà tó yá, bó bá pariwo, mi ò ní yí sítíárìn mọ́.

Bá a ṣe tún gòkè, Àdùkẹ́ darí mi sórí ibi tí wọ́n ti fi igi dínà yẹn gan-an. Ọwọ́ ń yún mi. Mi ò yà. Nígbà tá a padà dé orí pápá, ó ní, "Ẹ gbé e balẹ̀ fúnra yín, Bàbá." Ó sì gbé ọwọ́ tiẹ̀ méjèèjì lé itan. Bàálù ta pọ́nún bí òbúkọ, ó tún ta, ó dúró!

Ìyàwó mi, tó ti ń wò wá létí pápá, sáré wá, ó ní ṣé ó ti kan òun láti wọ bàálù.

Àdùkẹ́ ní, "Màmá, ẹ jẹ́ kí Bàbá kọ́ ọ tán ná!"

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tíṣà tó dáa á sọ ibi tó o ti lè pa ara ẹ fún ẹ láìfi bò, á sì tún gbé sítíárìn lé ẹ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ kọ́ lẹ́yìn táwọn èèyàn ti ní ó ti pẹ́ jù? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ kà á.

Ti Kútọnu? Irọ́ ni mo pa. Mi ò débẹ̀, kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù tó juwọ́ sí mi, mi ò sì tíì dá wa bàálù láìsí Àdùkẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyẹn nìkan ni mo fi kún un. Ìyókù ṣẹlẹ̀.