Ìka Tí A Sin, Ìka Tí A Rán

Èmi ni mo gbé kẹ́tù omi dání nígbà tí a sin àtàǹpàkò àbúrò mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ ìròyìn nípa ìjàǹbá, mo sì máa ń bi àwọn tọ́rọ̀ ṣojú wọn pé kí ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Èyí ni tèmi.

Káfíńtà ni àbúrò mi. Àbíjàn ló ti kọ́ṣẹ́, ibẹ̀ ló sì ti fẹ́ ìyàwó, kí wọ́n tó padà wá sí Èjìgbò, tó ṣí ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn agboolé wa. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ẹ̀rọ tó fi ń la pákó gba ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Nígbà tí mo sáré dé ibẹ̀, ó ti jókòó sórí pákó, ìyàwó rẹ̀ sì ti fi ìborí rẹ̀ di ọwọ́ náà pinpin. Ìka méjì ló ti gé: àtàǹpàkò, àti ìfábẹ̀lá tó tẹ̀ lé e.

“Bùọ̀dá,” ó ní, “kò tíì máa dùn mí. Ṣé bó ṣe máa ń rí nìyẹn?”

Àtàǹpàkò wà lórí tábìlì iṣẹ́. A ò rí èkejì. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá, tó jẹ́ olórí agboolé, tó sì máa ń ṣíwájú wa kírun, wọlé. Kò pariwo. Ó ní kí n lọ bu omi wá.

“Ẹ̀yà ara Mùsùlùmí kì í wà nílẹ̀ kí adìyẹ máa yí i ká,” ó ní. “Ohun tó bá ti kúrò lára, ilẹ̀ ló ni ín.”

Mo ń da omi, ó ń wẹ̀ ẹ́. Ó fi lọ́fínńdà kàn án, ó fi òwú wé e, ó fi aṣọ funfun dì í, ó sì sin ín sẹ́yìn ògiri, lẹ́bàá igi ìbẹ́pẹ. Kò pẹ́ ju àlùwàlá lọ. Ohun tí wọ́n ṣe sí ẹsẹ̀ bàbá kan ládùúgbò wa, tí wọ́n gé nítorí àtọ̀gbẹ, náà la ṣe. Iyèméjì kankan ò wọ ọkàn mi.

Ìyàwó ló rí ìka kejì nínú lúúlúú igi tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Bàbá nawọ́ sí i.

“Gbé e fún mi, ìyàwó wa.”

“Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Wọ́n rán ìka alápatà àdúgbò wa padà mọ́ ọn lọ́wọ́ ní Àbíjàn. Ó ṣì ń fi gé ẹran.”

“Wọ́n rán an bí aṣọ?”

“Bí aṣọ, Bàbá.”

Bàbá wò ó títí. “Aṣọ kì í lẹ́jẹ̀,” ó ní, ṣùgbọ́n ó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

Obìnrin náà ń ta bísápù, ìyẹn sobo tiwa, nítorí náà yìnyín ò wọ́n án. Ó ri ìka náà mọ́ inú kúlà bí ẹni ń tọ́jú ẹja. Nọ́ọ̀sì tó di ọwọ́ àbúrò mi ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí ló sáré yọ ọ́. “Yìnyín ò gbọdọ̀ fara kàn án,” ó ní, “yóò jó o bí iná.” Ó fi aṣọ mímọ́ tó rẹ sínú omi dírípù wé e, ó fi sínú ọ̀rá, ó so ẹnu ọ̀rá náà, ó wá gbé ọ̀rá yẹn lé omi tó ní yìnyín. Báyìí la ṣe gbé e dé ilé ìwòsàn ńlá lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Dókítà tó gba ìka náà, obìnrin kúkurú tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó tú u, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

“Àtàǹpàkò dà?”

“A ti sin ín, Mà.”

Kò bú mi. Mo ní kí n pe Bàbá pé kó wú u. Ó mi orí. “Iyẹ̀pẹ̀ ti wọ ẹnu iṣan rẹ̀. Bí mo bá rán an, àìsàn ni mo rán mọ́ ọn.” Ó wá yíjú sí àbúrò mi. “Ọwọ́ tí ò ní ìfábẹ̀lá ṣì lè ṣiṣẹ́. Ọwọ́ tí ò ní àtàǹpàkò ò lè di òòlù mú. Èyí tẹ́ ẹ gbé wá yìí, ipò àtàǹpàkò ni mo fẹ́ rán an sí, bẹ́ ẹ bá gbà.”

“Ṣé kò ní gùn jù?”

“Yóò gùn díẹ̀. Ẹ óò dà bí ẹni tó ń júwe ọ̀nà fún àlejò.”

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ni omijé sì wá bọ́ lójú rẹ̀. “Ẹ rán an, Mà.”

Wọ́n ti pe ìrun ìṣáà kí wọ́n tó gbé e jáde. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé ìwé mi jáde, mo ní kí dókítà sọ ohun tó ṣe fún mi. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí:

“Egungun la kọ́kọ́ fi wáyà dè, nítorí ohun tó bá ń mì kò ṣeé rán. Lẹ́yìn náà, iṣan tó ń fa ìka. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀. Kò fẹ̀ ju ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lọ. Abẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá la ti ń rán an. Okùn rẹ̀ tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bó bá bọ́ sílẹ̀, ẹ má wulẹ̀ wá a. Mo gé ẹnu méjèèjì tí ayùn ti fà ya títí mo fi kan ibi tó dáa, mo fi omi oògùn fọ inú rẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ má dì. Mo rán apá ọ̀tún, mo rán apá òsì, mo wá rán àárín wọn. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo rán ẹ̀yìn. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣèèṣì gún ògiri òdìkejì, mo ti rán ẹnu ọ̀nà pa nìyẹn. Èyí tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà ló le jù. Ó rọ̀ bí awọ àlùbọ́sà.”

“Ẹ̀rù ò bà yín?”

“Mi ò kì í mí bí mo bá ń fa okùn.”

Nọ́ọ̀sì kọ́ wa láti máa tẹ èékánná ìka náà: yóò funfun, bí a bá sì jù ú sílẹ̀, kó pọ́n padà. Wákàtí wákàtí la ń tẹ̀ ẹ́. Bàbá wá kí wa, obì wà lápò rẹ̀. Nọ́ọ̀sì gbà á. Obì, kọfí, sìgá, gbogbo wọn ló máa ń fún ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Àbúrò mi, tí kì í ríran láàárọ̀ láìmu kọfí Àbíjàn, ní, “Ọtá mi ló kọ òfin yìí.” Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Kò wo ọwọ́ náà títí tó fi lọ.

Lọ́jọ́ kẹta, ìka náà dúdú bí àgbálùmọ̀ tó bàjẹ́. “Ẹ̀jẹ̀ ń wọlé, kò rí ọ̀nà jáde,” dókítà ní. Wọ́n gún orí rẹ̀, wọ́n jẹ́ kó máa kán sínú òwú fún ọjọ́ mẹ́rin. Ìyàwó ń pààrọ̀ òwú, èmi ń tẹ èékánná. Lásìkò yẹn ni kẹ́tù tí mo fi da omi sí àtàǹpàkò kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe tutù lọ́wọ́ mi.

Ìka náà yè. Ó ṣì ń kú tipiri nígbà ọyẹ́, kò sì lè tẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n ó ń pàdé ìka yòókù. Lọ́jọ́ tí àbúrò mi kọ́kọ́ fi í mú pẹ́ńsù, tó fa ìlà sórí pákó, Bàbá wọ ṣọ́ọ̀bù. Ìlà náà wọ́.

“Bàbá, ẹ má bínú sí ìlà yẹn. Ìfábẹ̀lá ló ń kọ́ iṣẹ́ oníṣẹ́.”

Bàbá gba ọwọ́ náà mú, ó fi àtàǹpàkò tirẹ̀ tẹ èékánná rẹ̀. A ò kọ́ ọ rí. Ó ṣeé ṣe kó ti ń wò wá lọ́jọ́ tí a rò pé kò wò. Èékánná náà funfun. Ó jù ú sílẹ̀, ó dúró. Ó pọ́n díẹ̀díẹ̀. Ó tún un tẹ̀.