Ibùsùn Inú Ọkọ̀ Wa

Ìta ilé epo kan ní Savalou ni nǹkan yìí ti kó sí mi lórí. Tọkọtaya òyìnbó kan dá bọ́ọ̀sì kékeré wọn dúró síbẹ̀, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Mo yọjú. Ibùsùn wà nínú rẹ̀, àpótí ohun ìdáná wà lábẹ́ ibùsùn, ọkùnrin náà sì fi ìka kan ṣoṣo fa àpótí ọ̀hún jáde, àpótí náà ń yọ̀ bọ̀ bí ẹni pé wọ́n fi òrí pa á. Mo gbàgbé epo tí mo wá rà. Mo tọrọ àyè, mo yọ téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ, mo sì wọn gbogbo rẹ̀.

Aṣọ ni èmi àti ìyàwó mi ń tà. Bantè là ń gbé, a máa ń fi bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan kó ọjà lọ sí Savalou, Koko àti Gouka. Ti Gouka, a máa ń sùn dè é ni: èmi lórí àga awakọ̀, òun lórí ìdì aṣọ lẹ́yìn. Láti ìgbà tó ti bí àbíkẹ́yìn wa ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Ó ti sọ fún mi pé bí òjò ọdún yìí bá dé tí òun kò tíì rí ibi gidi fẹ̀yìn lé, òun ò ní lọ sí Gouka mọ́. Òun sì ni àwọn oníbàárà ibẹ̀ ń béèrè. Èmi, mo mọ aṣọ wọ̀n ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n tà lọ.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Kútọnu tó ń ta irú ibùsùn bẹ́ẹ̀ nínú páálí, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ ti pé, èèyàn á kàn tò ó pọ̀ ni.

“Ẹ lọ rà á, bàbá wọn,” ni ìyàwó mi wí.

“Wọn ò wọn ọkọ̀ wa kí wọ́n tó ṣe é.”

“Wọn ò wọn ẹsẹ̀ yín náà kí wọ́n tó ṣe bàtà yín. Ẹ ṣáà wọ̀ ọ́.”

Inú ọkọ̀ wa fẹ̀ ní mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà méjìlélọ́gọ́ta nílẹ̀, ṣùgbọ́n níbi tí irin ẹ̀gbẹ́ ti tẹ̀ wọnú, ó fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án dín. Èwo nínú àwọn ará Kútọnu ló máa mọ ìyẹn? Mo gbé páálí òfìfo kan ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, mo ń rẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ ò fi ráyè kọjá láàárín wọn mọ́. Páálí yẹn ni mo wò gé pákó. Mi ò kọ́ṣẹ́ káfíńtà rí. Fídíò orí fóònù ló kọ́ mi, àti àwọn pákó tí mo bà jẹ́.

Tíìkì ni mo lò, èyí tó nípọn dáadáa. Lọ́dọ̀ tiwa, bí wọ́n bá ń gbé ibùsùn wọlé ìyàwó, bó ṣe wúwo tó ni wọ́n ṣe ń yìn ín; èyí tí ẹni méjì bá lè gbé, wọ́n á ní kí wọ́n fi dáná. Èmi náà ṣe tèmi kó wúwo. Ọkùnrin mẹ́rin ló gbé e wọnú ọkọ̀, orí mi sì wú. Ìṣó gígùn ni mo fi kàn án.

Ọ̀nà erùpẹ̀ tó lọ sí Gouka rí gbágungbàgun bíi páànù òrùlé. Ó ń gbọn ọkọ̀, ìwúwo ibùsùn sì ń fa ìṣó tu. Nígbà tí a dé ọjà tí ìyàwó mi jókòó lé e, àárín rẹ̀ jìn wọlẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin.

“Ẹ ń wọ̀n ọ́n,” ó ní, “ẹ ò fà mí dìde.”

Orí ìdì aṣọ ló padà sí. Nígbà tí a ń bọ̀ nílé, ó ní ẹ̀ẹ̀kan péré ló kù tí òun máa bá mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ̀ mi wà lẹ́yìn alùpùpù kan tó ń ti Koko bọ̀. Iṣu kún ẹ̀yìn rẹ̀ dé èjìká awakọ̀. Ó já sí kòtò, ó jáde. Àwọn iṣu náà mì, wọ́n padà sáyè wọn, ẹyọ kan ò jábọ́. Láti kékeré ni mo ti ń rí i, mi ò wò ó rí. Rọ́bà tí wọ́n gé lára tíúbù táyà ni wọ́n fi ń so ó: ó ń nà, ó ń fà padà. Ohun tó dára tó báyìí, ojoojúmọ́ ló ń kọjá níwájú ilé wa.

Mo tú ibùsùn palẹ̀. Mo la tíìkì náà sí pẹlẹbẹ mẹ́rìnlá, ọ̀kọ̀ọ̀kan nípọn ní mílímítà méjìdínlógún. Férémù nìkan ni mo fi físì dè, ìyẹn ìṣó tí a ń yí wọlé. Àwọn pẹlẹbẹ, mi ò kàn wọ́n rárá: rọ́bà tíúbù ni mo fi so wọ́n mọ́ férémù, mo sì ń fà á títí mítà kan fi ń di mítà kan ààbọ̀ kí n tó ta kókó. Ẹni méjì gbé e láìmí hẹlẹ.

“Ṣé iṣu ni mí?” ìyàwó mi béèrè nígbà tó rí i.

“Iṣu kì í jábọ́.”

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ká ẹní tirẹ̀ dání.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a tún lọ sí Gouka. Ó dùbúlẹ̀ lórí ibùsùn náà, ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, oorun sì gbé e lọ. Èmi ni mo jí i fún ìrun àárọ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ láìdi nǹkan mú, ó ní kí n máa já ẹrù, ilẹ̀ ti mọ́.

A ò tíì pa ọjà Gouka jẹ láti ìgbà náà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní ìwà ọmọdé ni kí ẹni tó kan ibùsùn máa sùn lórí àga. Mo mú férémù fẹ̀ sí i, mo gé pẹlẹbẹ tó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo tún gbogbo rẹ̀ so. Fífẹ̀ rẹ̀ ti di mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, àárín rẹ̀ sì fi mílímítà mẹ́fà péré jìn lẹ́yìn tí àwa méjèèjì sùn sórí rẹ̀.